Tẹ́tẹ́ Mọ́kànlélógún àti Kíínò: Bí Wọ́n Ti Ń Ta Wọ́n, àti Ohun tí Ojú Mi Rí Níbẹ̀

Ẹni tó bá jìn sí kòtò ni í kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn, ẹ̀yin ni ará yòókù.

Ní oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọkùnrin ẹni ọdún 27 tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston, pè mí lórí fóònù. Lẹ́yìn tó kí mi tán, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń lọ sí Las Vegas fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ wa takisí níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ wọ́n lówó."

Mo ní, "Àwọn wo ni wọ́n ń jẹ lówó?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó má lọ, yóò lọ. Ọmọ ọdún 27 kò ṣeé so mọ́ òpó. Nítorí náà, mo pinnu pé n ó sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún un, pé bó bá tilẹ̀ máa pàdánù, kó mọ iye tó ń pàdánù, kó sì mọ ọ̀nà tí owó náà gbà lọ. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí, nítorí kì í ṣe òun nìkan ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí irú ibi bẹ́ẹ̀.

Fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí, ìlú Las Vegas wà láàrin aṣálẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà. Ní 1931 ni ìjọba Nevada fi òfin gba tẹ́tẹ́ láyè, láti ìgbà náà sì ni tẹ́tẹ́ ti di iṣẹ́ ìlú náà bí ẹja pípa ti jẹ́ iṣẹ́ àwọn ará Ìlàjẹ. Bí ènìyàn bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Ẹ ó bá wọn ní ilé epo, ẹ ó bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ti ń ra búrẹ́dì. Nínú àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńlá tí mo wọ̀, n kò rí aago lára ògiri, n kò sì rí fèrèsé tí ènìyàn yóò fi mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń gbé ọtí fún ẹni tó bá ń ta. Mo ti gbé èrò níbẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ tó ń bi mí pé ṣé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú ni.

Ẹni tó là mí lójú ni ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pínpín káàdì nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé náà. Òun fúnra rẹ̀ kì í ta. Ó ní ẹni tó ń se ọbẹ̀ fún títà mọ ohun tó wà nínú ìkòkò. Ní ọjọ́ ìsinmi, bí a bá ti jẹ èbà tán, yóò nu tábìlì, yóò kó káàdì sílẹ̀, yóò sì bu ẹ̀wà tútù síwájú mi pé owó mi nìyẹn.

ERÉ MỌ́KÀNLÉLÓGÚN

Blackjack ni òyìnbó ń pe eré yìí, ṣùgbọ́n wọn a tún máa pè é ní Mọ́kànlélógún, orúkọ yìí ló sì bá a mu jù, torí 21 ni gbogbo wọn ń lé. Kì í ṣe eré àná. Cervantes, òǹkọ̀wé ará Spéìnì nì, ti dárúkọ irú rẹ̀ nínú ìtàn kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1613.

Káàdì 52 ló wà nínú páàkì kan. Èyí tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, láti 2 dé 10, iye tí wọ́n kọ sí i ló jẹ́. Ọba, Ayaba àti Jáàkì, 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Káàdì A ni alárékérekè: ó lè jẹ́ 1, ó sì lè jẹ́ 11, èyí tó bá ṣe ẹni tó mú un dání láǹfààní. Pupa tàbí dúdú ara káàdì kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ ó fi owó yín sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Apínkáàdì yóò fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní méjì, yóò fún ara rẹ̀ náà ní méjì, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú tirẹ̀ yóò ṣí sílẹ̀, èkejì yóò dojú délẹ̀. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí iye tiyín ju tirẹ̀ lọ, kó má sì kọjá 21. Bí ẹ bá ń fẹ́ káàdì sí i, ẹ ó fi ìka kan tábìlì. Bó bá tó yín, ẹ ó ju ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún lókè káàdì yín. Ẹni tó bá kọjá 21 ti bẹ́ nìyẹn, wọ́n á kó owó rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbà tí gbogbo yín bá ṣe tán ni apínkáàdì yóò tó ṣí tirẹ̀. Òun kò ní ẹ̀tọ́ láti ronú: bí tirẹ̀ kò bá tó 17, dandan ni kó fi kún un, bó bá ti pé 17, dandan ni kó dúró. (Tábìlì mìíràn wà tó jẹ́ pé bí A tó ń jẹ́ 11 bá wà nínú 17 náà, yóò tún mú ọ̀kan sí i. Ìyẹn burú díẹ̀ fún yín.) Bí ẹ bá dọ́gba, ẹ ó gba owó yín padà. Bí káàdì méjì àkọ́kọ́ yín bá sì jẹ́ A pẹ̀lú onímẹ́wàá kan, blackjack gan-an nìyẹn, èrè rẹ̀ sì ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 21 ló máa ń wá.

Mo bi ẹ̀gbọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, bí òfin bá de ẹ̀yin apínkáàdì lọ́wọ́ báyìí, tí àwa sì lè ṣe bó ti wù wá, kí ló dé tí ilé fi ń jèrè?"

Ó ní, "Àbúrò, ta ló ń kọ́kọ́ ta?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Bí o bá bẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ ti kó owó mi."

"Bí èmi náà bá wá bẹ́ lẹ́yìn rẹ, ṣé n ó dá a padà fún ọ?"

Mo dákẹ́. Ó fa ẹ̀wà mẹ́wàá kúrò níwájú mi. Ibẹ̀ gan-an ni èrè wọn ti ń wá. Ẹni tó bá lóye èyí, ọgbọ́n yòókù kò ní í le fún un.

Ọgbọ́n náà ni pé kì í ṣe káàdì tiyín nìkan ni kí ẹ máa wò, ẹ wo èyí tí apínkáàdì ṣí sílẹ̀. Bó bá jẹ́ 5 tàbí 6 ló ṣí, nínú ìgbà 100, yóò bẹ́ tó ìgbà 42. Bó bá jẹ́ onímẹ́wàá, kò ní í bẹ́ ju bí ìgbà 23 lọ. Bó bá jẹ́ A, ó tún kéré sí ìyẹn. Nítorí náà, bí tiyín bá wà láàrin 13 sí 16, tí tirẹ̀ sì jẹ́ 2 títí dé 6, ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kí òun lọ bẹ́. Bí tirẹ̀ bá jẹ́ 7 sókè, tàbí A, ẹ gba káàdì títí ẹ ó fi dé 17 ó kéré tán. Tí ẹ bá ní 12, kìkì ìgbà tó bá ṣí 4, 5 tàbí 6 ni kí ẹ dúró, torí onímẹ́wàá nìkan ló lè bẹ́ 12, káàdì 4 sì ni wọ́n nínú 13. Láti 17 sókè, bí kò bá sí A tó ń jẹ́ 11 níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mọ́.

Ibi tí òpè ti ń ṣìnà jù ni 16 yín sí onímẹ́wàá tirẹ̀. Ẹ̀rù á bà á, á dúró. Òótọ́ ni pé nínú káàdì 13, mẹ́jọ ló lè bẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni yóò pàdánù láìjà. Ẹ gbà á. Ẹ ó ṣì máa pàdánù lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ díẹ̀ báyìí ni yóò fi dín kù, díẹ̀ díẹ̀ yìí sì ni gbogbo eré náà.

Ilé gbà pé kí ẹ sọ owó yín di ìlọ́po méjì, kí ẹ sì gba káàdì ẹyọ kan péré. Ẹ ṣe é bí ẹ bá ní 11, àfi tí tirẹ̀ bá jẹ́ A. Ẹ ṣe é bí ẹ bá ní 10, tí tirẹ̀ sì jẹ́ 2 títí dé 9. Bí ẹ bá ní 9, ẹ dúró de ìgbà tó bá ṣí 3 títí dé 6. Bí káàdì méjì yín bá jọ ara wọn, ẹ lè pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ fi owó mìíràn ti èkejì. A méjì, ẹ pín in nígbà gbogbo. 8 méjì, ẹ pín in, torí 16 ni, kò sì sí iye tó burú ju 16 lọ nínú eré yìí. Ṣùgbọ́n ẹ má pín onímẹ́wàá méjì láé. 20 lẹ ní lọ́wọ́ yẹn! Ẹni tó bá pín 20, ńṣe ló dà bí ẹni tó wó ilé tó ń gbé kó lè fi bíríkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ méjì.

Bí A bá wà lọ́wọ́ yín tó ń jẹ́ 11, ẹ kò lè bẹ́ pẹ̀lú káàdì kan sí i, nítorí A náà yóò padà di 1. Nítorí náà, A àti 6 kì í ṣe 17 tí ènìyàn ń dúró sí. A àti 7 ni ó gba àròjinlẹ̀: bí tirẹ̀ bá jẹ́ 9, onímẹ́wàá tàbí A, ẹ tún gba ọ̀kan.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní ìnṣọ́ránsì. Bí apínkáàdì bá ṣí A, yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi ìdajì owó yín dáàbò bo ara yín, bó bá ṣe pé onímẹ́wàá ló wà lábẹ́. Ẹ̀rín músẹ́ ni wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Méjì ni wọ́n ń san fún ọ̀kan. Kí ó tó lè jẹ́ òwò tó dọ́gba, ó yẹ kí onímẹ́wàá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta káàdì tó kù. Kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ pé rárá.

Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ló hùmọ̀ ìmọ̀ràn wọ̀nyí. Sójà Amẹ́ríkà mẹ́rin, Roger Baldwin, Wilbert Cantey, Herbert Maisel àti James McDermott, ló fi ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì ṣírò wọn, tí wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ ìṣirò ní 1956. Inú mi dùn nígbà tí mo gbọ́ pé ènìyàn dúdú ni Cantey. Ní 1962, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Edward Thorp lo kọ̀ǹpútà láti fi hàn pé ẹni tó bá ń ka káàdì tó ti jáde lè mọ ìgbà tí àwọn onímẹ́wàá àti A pọ̀ nínú èyí tó kù, kó sì fi owó púpọ̀ sílẹ̀ nígbà yẹn nìkan. Ìwé rẹ̀, Beat the Dealer, tà wàràwàrà. Àwọn onílé tẹ́tẹ́ kò sùn: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da páàkì mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pọ̀, bí wọ́n bá sì fura sí ẹnikẹ́ni ní Nevada, wọ́n lè ní kó máa lọ. Mo gbé ọmọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lé jáde báyìí. Ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní kíka náà ń rẹ òun ju iṣẹ́ ọ́fíìsì tí òun fi sílẹ̀ lọ.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí tábìlì. Tábìlì àtijọ́ ń san 3 sí 2 fún blackjack: ẹni tó fi dọ́là 10 sílẹ̀ yóò jèrè dọ́là 15. Ọ̀pọ̀ tábìlì ìsinsìnyí ń san 6 sí 5, dọ́là 12 péré. Ẹni tó bá ta bí mo ti wí yìí ní tábìlì 3 sí 2 tí òfin rẹ̀ dára, nínú gbogbo dọ́là 100 tó bá gbé kalẹ̀, bí sẹ́ǹtì 50 ni ilé yóò yọ níbẹ̀. Ní tábìlì 6 sí 5, yóò tó bí dọ́là 2. Ọtí ọ̀fẹ́ yẹn, ẹ ti sanwó rẹ̀.

KÍÍNÒ

Kíínò kò béèrè ọpọlọ rárá, ìdí sì nìyẹn tó fi dùn. Wọ́n á fún yín ní ìwé tí nọ́ńbà 1 dé 80 wà lára rẹ̀. Ẹ ó sàmì sí ọ̀kan, tàbí márùn-ún, tàbí mẹ́wàá, bó bá ti wù yín. Ẹ̀rọ yóò mú nọ́ńbà 20 jáde. Bí tiyín bá wà níbẹ̀ tó, wọ́n á san owó.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni ó ti wá. Ọ̀rọ̀ 80 àkọ́kọ́ nínú ìwé kan tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn ń kọ́ sórí ni wọ́n ń lò dípò nọ́ńbà, torí kò sí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé náà. Àwọn ará Ṣáínà tó wá ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un ló gbé e wá. Nígbà tí ó wọ àwọn ilé tẹ́tẹ́ Reno ní 1936, òfin Nevada kò gba lọ́tìrì láyè, wọ́n bá fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ẹṣin, wọ́n ní eré ẹṣin ni. Ọgbọ́n ń bẹ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yìí, ẹ má tàn ara yín jẹ.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. 20 nínú 80, ìdá kan nínú mẹ́rin ni. Ẹni tó bá sàmì sí nọ́ńbà ẹyọ kan, tó ń fi dọ́là 1 ta á, yóò jẹ ẹ̀ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Dọ́là 3 ni wọ́n sábà ń san fún un. Ó ti ná 4, ó gba 3. Dọ́là 25 nínú 100 nìyẹn, ní ibi tí Mọ́kànlélógún ti ń gba sẹ́ǹtì 50. Ẹni tó sì sàmì sí mẹ́wàá pé kí gbogbo rẹ̀ bọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀kan ni nínú ìgbà 8,911,711. Bó bá ń ta ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tọ̀sán-tòru, láìsùn láìjẹun, bí ọdún 85 ni yóò gbà á láti ta iye yẹn.

Ọmọ náà bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, àwọn nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára ògiri pé wọ́n ti ń jáde léraléra ńkọ́? Ṣé kì í ṣe àwọn yẹn ló yẹ kí ènìyàn mú?" Ẹ̀rọ kò ní ọpọlọ tí yóò fi rántí àná. Nọ́ńbà tó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá àti èyí tí kò tíì jáde láti àárọ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ni àwọn méjèèjì nígbà tó ń bọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Lọ́tò tí wọ́n ń ta ní kíóòsì kiri Èkó àti Ìbàdàn, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni òun àti kíínò: nọ́ńbà 5 ni wọ́n ń mú nínú 90. Ẹni tó bá mú méjì, tí àwọn atalọ́tò ń pè ní "two sure", yóò jẹ bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 400. Náírà 240 ni wọ́n sì sábà ń san fún náírà 1. Bàbá tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíóòsì tó ń fa ìlà sára ìwé èsì àtijọ́, tó ń wá "bánkà", ìṣirò kan náà ló ń pa á.

Mo sọ fún ọmọ náà pé kó mú owó tó bá lè sọnù láìdùn ún lọ, kó fi káàdì báńkì rẹ̀ sílẹ̀ ní yàrá, kó jẹun kó tó lọ, kó wá tábìlì 3 sí 2, kó má sì sún mọ́ kíínò. Ó dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Èló ló bá wọn lọ?"

N kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí rí ju ẹnì kan lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2013, mo ti kó dọ́là 1,400 jọ láti pààrọ̀ páànù ilé ìyá mi ní Ìkirè. Èmi tí ẹ̀gbọ́n ti kọ́ ní káàdì, mo ti rò pé mo gbọ́n, pé kò sí ilé tẹ́tẹ́ tó lè mú mi. Lọ́jọ́ kan, mo ń dúró de èrò, mo jókòó sí yàrá kíínò kí ẹsẹ̀ lè sinmi, mo fi dọ́là 1 sàmì sí nọ́ńbà mẹ́rin. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. Wọ́n ka dọ́là 120 lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n padà ṣírò rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 326 ni irú rẹ̀, pé mo ti gba tèmi. Nígbà yẹn, n kò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra ti dọ́là 10. Ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, owó páànù ti tán, 120 náà sì ti bá a lọ.

Mo purọ́ fún ìyá mi pé ọ̀nà tí mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́ ti dí. Òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń pè mí pé ìyá ń gbé abọ́ àti garawa káàkiri yàrá lóru. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e ni n kò tó rí owó mìíràn kó jọ.

Nígbà tí mo wálé ní 2015, páànù tuntun ti wà lórí ilé. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lálẹ́, mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní, "Ìyá mi, owó àkọ́kọ́ yẹn, kíínò ló kó o lọ."

Ó wò mí. Ó ní, "Kíínò? Ọmọ ta nìyẹn?"

Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún yín yìí, nọ́ńbà 80, 20, gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó dìde, ó lọ ṣí àpótí, ó mú aṣọ òfì bàbá mi jáde, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. Omi ti ba apá kan rẹ̀ jẹ́ látòkè délẹ̀, ó ti hu, ó ti já. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ń jò síbẹ̀ títí òjò fi dáwọ́ dúró.